Ọlá Tí A Jọ Pín: Sáà Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Ọdún 1993 sí 1994 àti Ìpín Èkó Nínú Rẹ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtàn ni ẹ̀yìn tí àgbà ń wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń wo ẹ̀yìn, ojú wa kì í sábà kúrò lára oyè, ogun àti ìṣèlú. Eré ìdárayá kì í wọ inú àkọsílẹ̀ wa àfi bí ẹni ń dá àpárá. Àròkọ yìí fẹ́ fi hàn pé sáà bọ́ọ̀lù kan, tí wọ́n gbá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti Oṣù Kọkànlá ọdún 1993 títí di Oṣù Kẹfà ọdún 1994, jẹ́ apá kan nínú ìtàn Yorùbá, àti pé bí a ti ń sọ ìtàn náà títí di òní kò tíì kún tó. A máa ń sọ pé ọmọ wa ni ó ṣe é, a ó sì dákẹ́. Ìbéèrè tí a kì í bi ara wa ni pé: kí ni ìpín wa gan-an nínú rẹ̀?

Ní Àìlégùn, ní agbègbè Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, níbi tí a ti ń kọ àròkọ yìí, ìró ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe ohun àjèjì. Pápákọ̀ Òfuurufú Murtala Muhammed, tí a ṣí ní ọdún 1979, kò jìnnà sí wa. Òpópó tí ó lọ síbẹ̀ gba inú ìjọba ìbílẹ̀ wa kọjá. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń ti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. A mọ àwọn tí ń lọ. Ohun tí wọ́n gbé lọ ni a kì í sábà mọ̀. Ní ọdún 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 fi Èkó sílẹ̀ lọ sí ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Akeem Ọlájùwọ́n ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹrù rẹ̀ wò.

Ohun tí ó gbé kúrò nílé

Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 21 Oṣù Kìíní ọdún 1963. Mùsùlùmí ni àwọn òbí rẹ̀, òwò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sì ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ Moslem Teachers' College ni ó ń lọ ní Èkó kí ó tó fi ìlú sílẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtumọ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó gbọ́ èdè wa: ọlá tiwọn ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà a máa túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí ó wà lókè nígbà gbogbo. Ìtumọ̀ yìí kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ ọlá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlá yìí ni a ó sì padà sí kí a tó parí. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ tirẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1991 ni ó fi H kún un, tí ó di Hakeem, kí ó lè bá bí wọ́n ti ń pè é ní èdè Lárúbáwá mu.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ó fi dàgbà. Eré yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, ọwọ́ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ọdún 1891. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni ó so mọ́ òkè, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 sílẹ̀, tí ó ní kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ju bọ́ọ̀lù sí. Òrùka irin àti àwọ̀n ti rọ́pò apẹ̀rẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 10 kò yẹ̀, orúkọ náà kò sì yẹ̀.

Ní Èkó, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọba eré. Ọlájùwọ́n gbá a, ipò aṣọ́lé ni ó sì máa ń wà. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, eré tí ó fara jọ ti àfẹsẹ̀gbá, àfi pé ọwọ́ ni a fi ń ju bọ́ọ̀lù sílé. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 ó kéré tán kí ó tó gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò bá figagbága ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dà bí àléébù yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di ẹni ọ̀tọ̀.

Ẹni tí ó bá ga tó o, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 7, kì í sábà yá lẹ́sẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òmìrán tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, agbára ni wọ́n fi ń ṣe é: wọn a fi ẹ̀yìn ti ẹni tí ń ṣọ́ wọn títí wọn yóò fi dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ti Ọlájùwọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. A ṣe bí ẹni tí ń lọ sí ọ̀tún, ẹni tí ń ṣọ́ ọ a sì tẹ̀ lé e. Kí onítọ̀hún tó mọ̀, ó ti yí sí òsì. Bí ìyẹn bá tún bá a níbẹ̀, a ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Alátakò a fò sókè, òun a sì yọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Dream Shake ni àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ijó ẹsẹ̀ yìí, nítorí pé Dream, èyí tí í ṣe Àlá, ni ìnagijẹ tí wọ́n fún un. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti àfọwọ́gbá tí òun gbá ní ilé ni ó kọ́ òun ní ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ó gbé ẹ̀sọ̀ yìí lọ sí ibi tí agbára pọ̀ sí.

Bákan náà ni ti dídí bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré fò. Ó ń wo bọ́ọ̀lù, ó sì ń dúró de ìgbà tí yóò kúrò lára ẹni tí ó mú un. Nígbà tí Ọlájùwọ́n fi eré sílẹ̀ ní ọdún 2002, bọ́ọ̀lù 3,830 ni ó ti gbá dànù kí ó tó dé inú apẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka irú èyí nínú líìgì NBA, èyí tí í ṣe líìgì tí ó ga jù fún àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́, kò tíì sí ẹni tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó bá ní Houston

A kò gbọdọ̀ torí ìfẹ́ ọmọ ẹni pa òótọ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó gbé lọ. Àwọn ohun mìíràn, Houston ni ó ti bá wọn. Ní Yunifásítì Houston, ọ̀dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis, wọn kò jẹ́ kí ó gbá ìdíje kankan ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀kọ́ àti ìdárayá ni ó fi ọdún náà ṣe. Ní àkókò ìsinmi, a máa lọ sí ilé eré Fonde ní ìlú náà, níbi tí Moses Malone ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Malone ni òmìrán ẹgbẹ́ Houston Rockets nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lágbára jù ní gbogbo líìgì NBA. Ọmọ Èkó yìí a wọ inú agbo pẹ̀lú rẹ̀, Malone a tì í, a gbún un, a sì fi í ṣubú, òun a tún dìde. Kò sí irú Malone ní Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹsẹ̀ tí a kọ́ nílé fi wúlò, kó má gbàgbé àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn.

Ìlọsíwájú rẹ̀ yára, ṣùgbọ́n ìjákulẹ̀ kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1982, 1983 àti 1984, ẹgbẹ́ yunifásítì rẹ̀ wà nínú mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní àṣekágbá ọdún 1983, North Carolina State borí wọn pẹ̀lú àmì 54 sí 52, ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn. Ó dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tu ẹnikẹ́ni nínú pé Ọlájùwọ́n ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù nínú ìdíje náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí ó pàdánù ni ó wà. Ní ọdún 1984, Georgetown tún borí wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò gbà síṣẹ́, òun ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú, kí ẹlòmíràn tó mú Michael Jordan, tí ó ṣe ẹ̀kẹta. Ní ọdún 1986, Rockets dé àṣekágbá NBA. Boston Celtics ni ó gba ife náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn náà kò ṣí.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀dá dá. Láti ọdún 1987 lọ, ọdọọdún ni ìyìn rẹ̀ ń pọ̀ sí i tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì dé ibì kan. Ní ọdún 1992 ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ pátápátá: àárín òun àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ dàrú lórí ìpalára kan tí wọ́n ní kò tó nǹkan, tí òun ní ó tó, wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, òun náà sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i ni, ìtàn tí a ń sọ yìí kì bá tí sí. Ní Oṣù Kejì ọdún náà, Rudy Tomjanovich, tí ó ti fi ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Rockets nígbà èwe rẹ̀, di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ohun tí ó ṣe kò ṣòro láti sọ, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti ṣe. Ó fi Ọlájùwọ́n sí abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó sì tò àwọn tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù jù láti òkèèrè yí i ká. Bí alátakò bá kó ènìyàn méjì ti Ọlájùwọ́n, ẹnìkan yóò ṣófo ní òkèèrè, kí ó ju bọ́ọ̀lù sí onítọ̀hún. Èyí béèrè pé kí ẹni tí ó lágbára jù nínú ẹgbẹ́ gbà pé iṣẹ́ òun ni láti fún ẹlòmíràn ní àyè.

Sáà náà

Oṣù Kọkànlá ọdún 1993 ni sáà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kan ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹwàá, Michael Jordan, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ife ní ọdún mẹ́ta léra, kéde pé òun ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àga ọba ṣófo. Àwọn kan ń sọ títí di òní pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni Houston fi rí ife gbà. Òótọ́ ni pé Jordan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Charles Barkley, tí wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó níye lórí jù ní ọdún 1993, wà níbẹ̀. Karl Malone wà níbẹ̀. Patrick Ewing wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ni Houston sì bá pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò wá sí ojú agbo, a kò lè fi ijó rẹ̀ díwọ̀n ti àwọn tí ó wá.

Ìdíje 15 àkọ́kọ́ ni Rockets borí láìpàdánù ẹyọ kan. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ dáradára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú líìgì náà títí di ìgbà yẹn. Washington Capitols nìkan ni ó ti ṣe irú rẹ̀, ní sáà ọdún 1948 sí 1949. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kejìlá, Atlanta Hawks já okùn náà. Nígbà tí gbogbo ìdíje 82 parí, Rockets ti borí ní 58, wọ́n sì ti pàdánù ní 24.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní àárín sáà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ní Oṣù Kejì ọdún 1994, Houston fi Robert Horry, ọ̀dọ́ tí kò tíì di gbajúmọ̀, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Detroit kí wọ́n lè fi gba Sean Elliott. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ Elliott wò, wọ́n rí i pé kíndìnrín rẹ̀ kò dára tó, pàṣípààrọ̀ náà sì bàjẹ́. Horry padà sí ibi tí wọ́n ti lé e. Ọ̀dọ́ yìí, tí wọ́n ti fẹ́ fi tọrẹ, jẹ́ ọ̀kan nínú òpó tí ẹgbẹ́ náà fara tì títí dé òpin, kí ó sì tó fi eré sílẹ̀, ife NBA 7 ni ó ti bá ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbà.

Ní ìpele tí a ti ń lé ara ẹni jáde, Houston borí Portland. Phoenix Suns ti Barkley ni ó tẹ̀ lé e. Nínú ìdíje méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n gbá ní Summit, ilé eré Houston fúnra rẹ̀, Rockets fi àmì tí ó lé ní 15 ṣíwájú, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì jẹ́ kí ó bọ́. Ìwé ìròyìn ìlú náà sọ ìlú tirẹ̀ ní ìlú àwọn tí ọ̀fun ń há. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ti túká. Rockets wọ ọkọ̀ lọ sí Phoenix, wọ́n borí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi ìdíje keje, tí wọ́n gbá ní Houston, parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú àmì 104 sí 94. Lẹ́yìn náà ni wọ́n borí Utah Jazz ti Karl Malone ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀kan.

Ní sáà yìí, wọ́n yan Ọlájùwọ́n ní agbábọ́ọ̀lù tí ó níye lórí jù ní líìgì NBA. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà. Nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ìdá rẹ̀ jẹ́ àmì 27.3, bọ́ọ̀lù 11.9 ni ó ń gbà nígbà tí ó bá ta padà lára apẹ̀rẹ̀, àti 3.7 ni ó ń gbá dànù. Wọ́n tún yàn án ní ẹni tí ó mọ ilé ṣọ́ jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ti àkọ́kọ́ lójú àwọn òǹwòran ní Summit, ó pe gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde kí wọ́n wá jọ gbà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí i bí ìrẹ̀lẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó lè jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Ọlá kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni ó ń bu ọlá fún ènìyàn, ẹni tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn kò ní ọlá, bí ó ti wù kí ó ga tó.

Oṣù Kẹfà ọdún 1994

Ẹ jẹ́ kí a fi Houston sílẹ̀ díẹ̀, kí a wo ilé. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà ọdún 1993 ni àwọn ará Nàìjíríà dìbò, tí gbogbo ayé sì rí i pé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni ó wọlé. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Babangida fagi lé ìbò náà. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kọkànlá, nígbà tí Rockets kò tíì pàdánù ìdíje kan, Ọ̀gágun Abacha gba ìjọba. Sáà eré tí a ń sọ yìí àti òkùnkùn tí ó bo ilé jọ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà ni.

Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹfà ọdún 1994, àṣekágbá láàrin Houston àti New York Knicks bẹ̀rẹ̀. Ewing ni òmìrán New York, ẹni tí ó borí Ọlájùwọ́n ní ọdún 1984 nígbà tí ó wà ní Georgetown. Houston borí nínú ìdíje kìíní, New York borí nínú ìkejì. Ní ọjọ́ 11, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ, ó sì fara pamọ́. Ní ọjọ́ 12, tí ó pé ọdún kan gééré tí a dìbò, wọ́n gbá ìdíje kẹta ní New York, Houston sì borí. New York borí nínú ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ó kù díẹ̀ káàtó: bí New York bá borí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí.

Ìdíje kẹfà wáyé ní Houston ní ọjọ́ 19. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn, Houston ní àmì 86, New York ní 84. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ John Starks ní òkèèrè, níbi tí bọ́ọ̀lù kan ti ń mú àmì mẹ́ta wá. Bí ó bá wọlé, ife ti lọ. Starks fò, ó ju bọ́ọ̀lù. Ọlájùwọ́n ti kúrò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà. Kò dé ibi tí ó ń lọ. Bí aṣọ́lé ṣe ń yọ bọ́ọ̀lù lẹ́nu ilé ni ó ṣe yọ ọ́.

Ní ọjọ́ 21, ní ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, Nàìjíríà gbá ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ láé nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Rashidi Yẹkínì, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kàdúná, ni ó gbá ayò àkọ́kọ́ wọlé Bulgaria. Ó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n, ó sì ń ké. Ayò 3 sí òdo ni eré náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ní Houston, Rockets gbá ìdíje keje. Ọlájùwọ́n ní àmì 25. Bọ́ọ̀lù 10 ni ó gbà nígbà tí ó ta padà. Ẹ̀ẹ̀meje ni ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyẹn sì fi ṣàmì. Starks, tí ìka ọjọ́ 19 kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ bóyá, ju bọ́ọ̀lù 18, méjì péré ni ó wọlé. Àmì 90 sí 84 ni. Houston gba ife NBA àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Nínú gbogbo ìdíje méjèèje, kò sí ìgbà kan tí ẹgbẹ́ kankan ní àmì 100: ìṣọ́lé ni ó borí agbára. Wọ́n yan Ọlájùwọ́n ní ẹni tí ó tayọ jù nínú àṣekágbá. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, òun nìkan ni ó tíì gba oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní sáà kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n ń jó ní Houston ní òru ọjọ́ 22, ọjọ́ 23 ti wọlé ní Èkó. Ní ọjọ́ náà ni wọ́n mú Abíọ́lá. Kò tún jáde láàyè. Àtìmọ́lé ni ó kú sí ní ọjọ́ 7 Oṣù Keje ọdún 1998. Nínú ọjọ́ mẹ́ta léra, ọmọ Yorùbá kan gbá ayò wọlé, ọ̀kan gba ife, ọ̀kan wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjì tí wọ́n gba ọlá wà ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí òfin eré ti dúró, tí ẹni tí ó borí sì ń gba ohun tí ó borí. Èyí tí ó wà nílé ti borí nínú ìdíje tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mú fèrè lọ́wọ́ ni ó gbé ife náà sá lọ. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé sáà Houston jẹ́ apá kan nínú ìtàn wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn Oṣù Kẹfà ọdún 1994 láìmẹ́nu kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì kọ ọ́ tán.

Ìpín wa

Kí wá ni ìpín wa? Ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Èkó bí i, ó sì kọ́ ọ ní ẹsẹ̀. Houston fún un ní ilé eré, olùkọ́, oúnjẹ, alátakò tí ó jù ú lọ, àti ọdún 14 tí wọ́n fi dúró dè é kí ó tó gba ife. Láti Oṣù Kẹrin ọdún 1993 ni ó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, àwọn ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún tí ó fi gba góòlù ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1996 ní Atlanta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ ṣojú nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa bínú sí èyí. Kò yẹ kí a bínú. Ìpín tí a kò dá, a kì í jà sí i.

Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá ni pé ohun tí a gbé fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kò tíì tán lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ a kò tíì fi ohun tí Houston ní kún un. Ní Athens, ní ọjọ́ 6 Oṣù Kejìlá ọdún 1994 kan náà, wọ́n bí ọmọ kan fún tọkọtaya tí wọ́n ti Nàìjíríà lọ. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé baba rẹ̀. Bí àwọn ará Gíríìsì ti kọ ọ́, Antetokounmpo ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní ọdún 2020, Giannis Antetokounmpo gba oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó níye lórí jù àti ti ẹni tí ó mọ ilé ṣọ́ jù ní sáà kan. Jordan àti Ọlájùwọ́n nìkan ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì ọdún 2024 ní Paris, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn, ohun tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà kankan kò tíì ṣe rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti òkè òkun kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ wa kò gbẹ. Ibi tí a ń kó o sí ni kò sí nílé.

Kì í ṣe pé a kò ní nǹkan kan. Gbọ̀ngàn eré tí ó wà ní pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè, tí a kọ́ nítorí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973, ti gba ọ̀pọ̀ ìdíje. Ẹgbẹ́ Rivers Hoopers láti Port Harcourt gba ipò kẹta nínú líìgì Áfíríkà ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn kan kò lè tó ìlú tí ó tó Èkó. Ohun tí ìtàn Ọlájùwọ́n kọ́ wa ni pé kì í ṣe gíga ni ó ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ibi tí ọmọ tí ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ yóò ti rí ẹni tí ó jù ú lọ bá figagbága, láti ọ̀sán dé ọ̀sán, láìsí ẹni tí yóò lé e kúrò níbẹ̀. Simẹ́ńtì díẹ̀, irin méjì tí a gbé dúró, àti olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé nígbà tí ó yẹ: èyí kò ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ, kò sì ju agbára àwọn ọlọ́jà àti àwọn òbí ní àdúgbò kan bí Àìlégùn lọ bí wọ́n bá dáwó jọ. Òwò sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí Ọlájùwọ́n ṣe. A kò lè sọ pé a kò mọ ibi tí a ti ń rà á.

Orúkọ náà ní ọlá wọn ju ti àwọn ẹlòmíràn. Ní alẹ́ tí ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní Summit, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà fi hàn wá pé bí a bá ti jọ ṣe é ni a fi ń jọ pín in. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn òpópó wa ní ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lókè wọn, lára wọn ni ẹni tí yóò tún lọ wà. Kí a tó tún sọ pé ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kí a ti fi nǹkan kan sí i.